Bí Iná Ṣe Kú ní Ilé Àgbọ̀nrín

Kí àwọn ará Swídìn tó wá dó ti Ebersfurt, kò sí òpópónà tó wu ènìyàn bí Òpópónà Aláró ní gbogbo ìlú náà. Igi óákù ni egungun àwọn ilé ibẹ̀, ọ̀pá híhun tí wọ́n fi amọ̀ àti koríko rẹ́ ni ẹran ara wọn. Àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, èyí tó wà lókè rẹ̀ sì tún yọ jù ú lọ, débi pé bí ọmọge bá na ọwọ́ jáde láti fèrèsé òkè, ọkùnrin tó wà ní fèrèsé òdìkejì lè fi ẹnu kan ìka rẹ̀. Àwọn ìyá àdúgbò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kan fèrèsé òkè pa bí ọmọbìnrin ilé bá ti ń dàgbà.

Ìyá Walburga kò kan ti Gundel pa. Ó ní ojú òun kò ríran dé òkè mọ́, bẹ́ẹ̀ ó ń ríran dáadáa. Láti fèrèsé Ilé Àgbọ̀nrín yẹn ni Gundel ti kọ́kọ́ na ọwọ́ rẹ̀ sí Wendel, ọwọ́ tí aró ti pa láró dé ìgúnpá. Láti fèrèsé Ilé Ẹyẹlé ní òdìkejì ni Wendel sì ti dì í mú, tí àyà ọmọbìnrin náà ń lù kìkì bí ẹni sáré gun òkè.

Bàbá àwọn bàbá wọn ló kọ́ òpópónà náà lẹ́yìn tí iná ńlá kan jó ti àtijọ́ di eérú. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà gé igi nínú igbó òkè odò, wọ́n kọ́kọ́ kan ilé kọ̀ọ̀kan pọ̀ lórí pápá, wọ́n fi àáké kọ àmì sára igi gbogbo kí wọ́n lè mọ èyí tó bá ìkejì rẹ̀ tan. Wọ́n wá tú u, wọ́n kó o wọ ìlú, wọ́n sì tún un tò. Bí wọ́n ti tò ó náà ni wọ́n lè tú u. Ohun kan ṣoṣo tó ń gba ilé Òpópónà Aláró lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ tú u ni òfin tí àwọn àgbà ọjọ́ náà fi ọwọ́ lé Bíbélì búra lé lórí. Ilé tí èéfín bá ń yọ lórí rẹ̀ nígbà tí agogo àárọ̀ bá ń lù, alààyè ilé ni, ọba tàbí ọmọ ogun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Èyí tí kò bá ní èéfín, òkú ilé ni, ìlú lè mú un. Ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dáná sínú ààrò tútù lójú gbogbo àdúgbò, òun ló ni ilé náà láti ọjọ́ yẹn lọ.

Gundel kò tíì mọ rírìn nígbà tí òfin yìí ti wọ̀ ọ́ létí. Òun kì í ṣe ọmọ bíbí Walburga. Àìsàn ló pa àwọn òbí rẹ̀, ìyá yìí sì gbé e wá sí Ilé Àgbọ̀nrín, ó tọ́ ọ pẹ̀lú Lorenz ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó kọ́ ọ ní aró. Lorenz ti bá ogun Késárì lọ. Ọ̀rọ̀ tó sọ lójú ọ̀nà ọjọ́ tó ń lọ ni pé, "Màmá, bí mo bá ń bọ̀, èéfín yín ni màá wò kí n tó wo ilẹ̀kùn." Láti ọjọ́ náà, Walburga kò jẹ́ kí iná ilé rẹ̀ kú rí, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ì báà jẹ́ àìsàn.

*

Ní ọjọ́ tí àgbá àwọn ará Swídìn ya odi lẹ́bàá Ẹnubodè Omi, àwọn olórí ìlú kò rí ibi jókòó sí, nítorí òrùlé gbọ̀ngàn ìlú ti wó. Ilé aró Ìyá Walburga ni wọ́n wá, torí ibẹ̀ ló gbóná jù. Gundel ń bu bíà gbígbóná fún wọn, bíà tó ṣẹ́kù díẹ̀ kó di omi lásán.

Ọ̀gágun Ruprecht, ọkùnrin tí idà ti gé ìdajì etí rẹ̀ lọ, tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń pè ní Odi-ẹlẹ́ran-ara, tẹ ìka mọ́ àwòrán tó fi èédú yà sórí tábìlì.

"Iyẹ̀pẹ̀ tí a dà sí ihò yìí kò dúró. Òpó ni mo fẹ́, òpó óákù gígùn, tí màá gbé dábùú ibẹ̀ kí n tó da òkúta lé e. Ẹ fún mi ní ilé kan."

"A ti fún yín ní gbogbo òkú ilé tó wà nílùú," Olóyè Hartwig, olórí ìgbìmọ̀, dá a lóhùn. Ebi ti jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ̀wù oyè rẹ̀ wá dà bí èyí tó yá wọ̀.

"Igi páínì ni gbogbo ìyẹn. Ọta kan ṣoṣo bà á, ó di igi ìdáná."

Wọ́n yíjú sí Ọ̀gá Burkhard, àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà, tó fi àáké rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́ òpópónà náà.

"Óákù tó gùn tó bẹ́ẹ̀, ilé méjì péré ló kù tó ní in," ó ní. "Ilé Àgbọ̀nrín tí a jókòó sí yìí. Àti tèmi, Ilé Ẹyẹlé."

Walburga, tó ń ro ìkòkò aró rẹ̀ ní igun ilé, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ kọ́kọ́ mu bíà yín tán kẹ́ ẹ tó wó ilé lé mi lórí," ó ní. "Mo fẹ́ gba ife mi."

"Ìyá," ni Ruprecht wí, "àwọn ọmọ ogun mi lè tú ilé yìí kí agogo ọ̀sán tó lù."

"Àwọn ọmọ ogun rẹ wo? Àwọn tí mo rí lánàá tí wọ́n ń lé ológbò kí wọ́n lè sè é jẹ? Ológbò yẹn ló nà wọ́n, ọmọ mi. Mo dúró wò ó."

Ọ̀gá Burkhard rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Kódà ìdajì etí Ọ̀gágun pupa. Ṣùgbọ́n Hartwig kò rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gágun, ẹ gbọ́. Torí ilé wọn ni àwọn ènìyàn yìí ṣe ń dúró lórí odi. Ọjọ́ tí mo bá fi ipá mú alààyè ilé kan, wọn á sọ̀kalẹ̀, wọn á lọ jókòó ti ààrò wọn, àtẹ̀yin àtèmi la ó máa dá ogun náà jà. Mo ti búra lórí òfin yìí. N kò lè sẹ́ ẹ." Ó yíjú sí àwọn onílé méjèèjì. "Gègé ni ká ṣẹ́. Ní àárọ̀ ọ̀la, akéde á wo ihò èéfín yín bí ó ti máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà, ká pàdé níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí gègé bá mú, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa iná rẹ̀."

Burkhard gbé àáké rẹ̀ sókè, ó fi ojú àáké náà kan ètè. "Mo fi àáké tó gbẹ́ òpópónà yìí búra. Bó bá mú mi, n kò ní janpata."

Ìgbà yìí ni Walburga tó yíjú sí wọn. Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ ìgbájá, ọwọ́ aláró tí omi kò lè fọ̀ mọ́.

"Èmi náà gbà," ó ní. "Mo fi orúkọ Lorenz ọmọ mi búra. Bí gègé bá mú mi, Ọlọ́run ló mú mi, màá pa iná náà, màá sì rí ọ̀rọ̀ sọ fún ọmọ mi bó bá dé. Ṣùgbọ́n kó má jẹ́ ọwọ́ ènìyàn."

Gundel tí ìkòkò bíà wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́ gbólóhùn yìí yékéyéké.

*

Ní ìrọ̀lẹ́, Wendel dúró dè é ní ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́yìn ilé aró. Lẹ́búlẹ́bú igi wà nínú irun rẹ̀ bí ó ti máa ń wà, ojú rẹ̀ tó jẹ́ àwọ̀ omi odò ní ìgbà ìrúwé sì ti wọnú nítorí ebi, síbẹ̀ bí Gundel ti rí i báyìí, ó sáré bá a. Wendel ni igbá kejì Ọ̀gá Burkhard. Ọkùnrin àgbà náà kò bímọ, ó sì ti ṣèlérí níṣojú àwọn ẹgbẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà pé Wendel ni yóò jogún Ilé Ẹyẹlé, pé bó bá di Àjíǹde kí ó gbé ìyàwó rẹ̀ wọ ibẹ̀. Gundel ti mọ yàrá wọn. Ó ti mọ ibi tí ibùsùn máa wà, ó ti mọ ìṣó tí yóò máa fi fìlà ọkọ rẹ̀ kọ́.

"Aláró mi," Wendel pè é. "O gbọ́?"

"Èmi ni mo ń bu bíà fún wọn."

"Bí gègé bá mú Ọ̀gá, ibo la máa gbé? Nínú àgbá ọtí?"

"Màá bá ọ gbé inú rẹ̀."

"Àgbá kò fẹ̀ o. Ta ló máa wà nísàlẹ̀?"

"Lọ jẹ́jẹ́, onísọkúsọ!" Ó gbá a láyà, Wendel di ọwọ́ náà mú síbẹ̀, kò jẹ́ kó gbà á padà. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀.

"Gundel, kò sí ohun mìíràn tí mo ní láyé yìí. N kò ní bàbá, n kò ní ilẹ̀. Ìwọ àti ilé yẹn ni." Ó gbójú sókè wo ihò èéfín Ilé Àgbọ̀nrín, èéfín funfun ń lọ tààrà nínú òtútù. "Ká ní iná ìyá yìí lè sùn gbàgbé ní àárọ̀ ọ̀la nìkan. Lẹ́ẹ̀kan péré."

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń ṣeré. Gundel kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí agogo ìbonámọ́lẹ̀ lù, Walburga kúnlẹ̀ ti ààrò gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó kó ẹyín iná jọ, ó to eérú lé wọn bí ẹni tó ń da aṣọ bo ọmọ, ó fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ etí rẹ̀ yíká. "Sùn, má kú," ó ń sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bí ọmọ mi bá dé, kó bá ọ láyé." Ó wá na ọwọ́ sí Gundel kó gbé òun dìde. "Ọ̀la, ṣí i jẹ́jẹ́ o. Ojú rẹ̀ kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀ lójijì, bíi tìrẹ."

Iṣẹ́ Gundel ni láti ṣí iná ní àárọ̀. Ìyá ń bò ó, ọmọ ń ṣí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é láti ìgbà tí eékún ìyá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

Bí ilẹ̀ ti ń mọ́, ó sọ̀kalẹ̀. Ó fi igi kékeré wa eérú, àwọn ẹyín iná náà sì là, wọ́n pupa, ara wọn le, wọn kò ṣe aláìsàn kankan. Ìyá ti bò wọ́n dáadáa. Ó yẹ kó kó èèpo igi lé wọn, kó fẹ́ wọn. Dípò bẹ́ẹ̀ ó kúnlẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ó ronú nípa gègé, pé ó lè mú Burkhard, pé ó sì lè má mú un. Ó ronú nípa yàrá òkè Ilé Ẹyẹlé. Ó wá fi igi náà tú àwọn ẹyín iná ká sórí òkúta ààrò, ọ̀kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún, kí èyíkéyìí má fara kan ìkejì rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kí òtútù wọlé. Wọ́n ń kú lójú rẹ̀, pupa, pupa rẹ́súrẹ́sú, eérú. Èyí tó kẹ́yìn fẹ́ ṣorí kunkun, ó gbé ìkòkò tútù lé e lórí. Nígbà tó gbé e kúrò, ó tún kó gbogbo wọn jọ, ó to eérú lé wọn, ó fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ etí rẹ̀ yíká gan-an bí ìyá ti ń ṣe é. Ìfẹ́ ló pe ohun tó ṣe yìí. Ó sọ ọ́ fún ara rẹ̀ títí ó fi ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Agogo àárọ̀ bẹ̀rẹ̀. Akéde dé ojú òpópónà, ó gbójú sókè, ó sì dúró sójú kan.

"Ìyá Walburga!" ó ń lu ilẹ̀kùn bí ẹni iná ń jó. "Ìyá! Ẹ dákun, ẹ dáná! Ẹ sun koríko, ẹ sun bàtà, ẹ sun ohunkóhun! N kò tíì wo òkè o, ojú mi ṣì wà nílẹ̀!"

Ṣùgbọ́n agogo dákẹ́, Ọ̀gágun Ruprecht fúnra rẹ̀ sì dúró lẹ́yìn akéde, òun ti wo òkè.

Walburga sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú irun funfun rẹ̀ lórí ẹ̀wù àwọ̀sùn. Ó ki ọwọ́ bọ inú eérú, ó wá ibẹ̀ títí, láti igun dé igun, bí ẹni tó ń wá òrùka. Nígbà tó yọ ọwọ́ náà, ó gbé e sójú, ó ń wò ó.

"N kò bò ó dáadáa," ó ní. "Ọwọ́ mi ti darúgbó." Ó gbójú sókè, ó rí ojú Gundel. "Má sunkún. Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ, ọmọ mi. O bá a ní kíkú ni, àbí?"

Gundel mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò la ẹnu, síbẹ̀ kò tíì pa irọ́ tó tó èyí rí.

*

Wendel ni wọ́n ní kó gun òkè, kó lu àwọn ìṣó onígi jáde. Ọ̀gá Burkhard dúró nísàlẹ̀, ó ń ka àmì àáké bàbá rẹ̀ lára igi kọ̀ọ̀kan, omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò, ó ní eruku amọ̀ ni. Walburga kò sunkún. Ó dúró sáàárín òpópónà, ó ń ki ilé rẹ̀ bí wọ́n ti ń tú u:

"Ilé Àgbọ̀nrín, ọmọ óákù òkè odò, a-yọ-àyà-síta-bí-ìyàwó-tuntun! Òjò pa ọ́ pa ọ́, o ò tú. Ẹ̀fúùfù jà jà, o dúró bí ọkùnrin. Máa lọ sójú odi, máa lọ gbèjà wa. Dákun, má bínú sí mi, ìyá arúgbó ni mí."

Ottilie, ìyàwó aládùúgbò tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, gbá ìyá náà mọ́ra. Gundel sá lọ fara pa mọ́ sẹ́yìn àwọn àgbá aró.

Ní ọjọ́ tí àwọn ará Swídìn rọ́ wá sójú ihò odi, òpó Ilé Àgbọ̀nrín ni wọ́n bá pàdé. Àgbá dún, iyẹ̀pẹ̀ fò, ṣùgbọ́n óákù náà kò yẹsẹ̀. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi àáké jà lórí igi tí àwọn fúnra wọn tò, ariwo gba ojú ọ̀run, lẹ́yìn náà ó dákẹ́, àwọn ọ̀tá sì fà sẹ́yìn. Wọ́n gbé Ọ̀gá Burkhard bọ̀ lórí ilẹ̀kùn kan. Ó ti kú kí wọ́n tó dé òpópónà. Nígbà tí yìnyín odò yọ́, ogun Késárì yọ lókè, àwọn ará Swídìn sì tú àgọ́ wọn ká, wọ́n lọ. Lorenz kò sí lára àwọn tó wọlé. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Àwọn òpó Ilé Àgbọ̀nrín ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, wọn kò ṣe é tò mọ́.

"Ọlọ́run gbọ́ àdúrà wa," Wendel sọ fún Gundel níbi tí wọ́n ti sin Burkhard tán. "Ilé wà. Ìwọ náà wà."

"Má pe Ọlọ́run sí i."

Wendel wò ó. Gundel rí i tí òye bọ́ sí ojú rẹ̀, tó sì rọra gbé ojú náà kúrò. Kò bi í ní ìbéèrè kankan. Láti ọjọ́ náà wọ́n ń di ọwọ́ ara wọn mú bí ẹni méjì tó jọ fi nǹkan pa mọ́.

Walburga wà ní igun kan ní ilé Ottilie. Kò ráhùn. Ohun tó ń pa Gundel ni ọwọ́ ìyá náà. Kò fi í gé búrẹ́dì mọ́, a máa gbé ọ̀bẹ fún ẹlòmíràn, a ní, "Bá mi gé e, ọwọ́ mi kò ṣe é fọkàn tán." Kò ro aró mọ́. Bí ó bá jókòó, a tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí itan, a máa wò wọ́n bí ẹni ń wo àwọn ọmọ tó dójú tì í. Ní ọjọ́ kan Gundel gbọ́ tó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Lorenz, bóyá o ti dé orí òkè yẹn, o wò ó, o ò rí èéfín, o sì padà. Dárí jì mí." Gundel la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Ottilie wọlé, ó ń pariwo nípa aṣọ ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ náà sì padà wọlé lọ. Ó rí i pé inú òun dùn pé ó padà. Ìyẹn ló wá mú un kórìíra ara rẹ̀.

*

Ní Òpópónà Aláró, ìyàwó kì í wọ ilé ọkọ láìgbé iná lọ́wọ́. Ilé tó tọ́ ọ ló ń bu ẹyín iná fún un sínú ìkòkò amọ̀, yóò gbé e gba àárín àwọn aládùúgbò kọjá, yóò sì fi dáná àkọ́kọ́ sí ààrò ilé tuntun. Láti ọjọ́ tí Burkhard ti kú, Wendel kò dáná ní Ilé Ẹyẹlé, ó ń sùn nínú tútù, kí ìyàwó rẹ̀ lè bá ààrò náà bí ó ti yẹ.

Ọjọ́ náà dé. Òdòdó wà lórí Gundel, fèrè ń dún, gbogbo òpópónà jáde síta, àwọn tí ebi kò tíì fi sílẹ̀ tán ń jó. Wọ́n dúró níwájú ilé Ottilie.

"Ó yá, Ìyá Walburga!" ẹnì kan kígbe. "Ẹ fún ọmọ yín níná!"

Ìyá náà jáde wá pẹ̀lú ìkòkò òfìfo. Ó yíjú sí Ottilie, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀, eékún rẹ̀ ń dún.

"Ottilie, mo bẹ̀ ọ́. Bu iná fún ọmọ mi. Èmi tí mo jẹ́ kí tèmi kú, n kò ní èyí tí mo lè fún un. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ pé ìyá tó tọ́ ọ kò tó nǹkan."

"Ẹ dìde, ẹ dìde, kí lẹ ń ṣe yìí!" Ottilie ń sunkún, ó bu ẹyín iná láti inú ààrò rẹ̀ kún inú ìkòkò náà, ó gbé e fún Gundel.

Ìkòkò náà gbóná mọ́ ọn lọ́wọ́. Fèrè tún bẹ̀rẹ̀. Gundel kò lè gbé ẹsẹ̀.

"Kò kú fúnra rẹ̀," ó ní.

Wọn kò gbọ́. Ó tún un sọ, ó pariwo rẹ̀, fèrè sì dá.

"Iná Ilé Àgbọ̀nrín kò kú fúnra rẹ̀. Èmi ni mo pa á. Mo tú u ká, mo ṣí ilẹ̀kùn sí i kó lè tutù, mo sì bò ó padà. Torí Ilé Ẹyẹlé ni. Torí kí gègé má baà mú un."

"Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́," Wendel wí, ojú rẹ̀ funfun bí amọ̀. Ó bọ́ síwájú, ó dúró tì í. "Mo fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ létí rẹ̀. Mo sì mọ̀ lẹ́yìn náà, mo dákẹ́."

"Àwọn aláìlójútì!" Ottilie tutọ́ sílẹ̀. "Àwọn olè! Ìyá tó fún ọ ní wàrà ẹran nígbà tí o…"

Walburga gbé ọwọ́ sókè, Ottilie dákẹ́. Ìyá náà kò wo Wendel rárá.

"Gundel. Nígbà tí o ṣí i. Báwo lo ṣe bá a?"

"Ó ń jó, Ìyá. Gbogbo wọn pupa. Ẹ bò wọ́n dáadáa."

"Mo bò wọ́n dáadáa."

"Kò sí ọ̀kan tó kú níbẹ̀."

Walburga gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wá sí àyà, ó dì wọ́n mú, ó fi ẹnu kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kì í ṣe ẹ̀yin," ó sọ fún wọn. "Kì í ṣe ẹ̀yin." Ó wá sunkún, ẹkún tí kò sun nígbà tí wọ́n tú ilé rẹ̀.

Gundel lọ bá a. Ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìyàwó, ó gbé ìkòkò iná náà sókè sí i.

"Ẹ gbé e wọ Ilé Ẹyẹlé, Ìyá. Gbogbo àdúgbò ń wò. Ẹni tó bá dáná síbẹ̀ ló ni ín."

Ó gbọ́ tí Wendel mí sínú lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró de ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Wendel rìn lọ sí Ilé Ẹyẹlé, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lára ìgbànú rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìyá lè kọjá.

Walburga gba ìkòkò náà. Kò sọ pé òun dárí ji ẹnì kankan. Ó rìn gba àárín wọn kọjá, ó rọra ń gbé ẹsẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n, ó sì wọlé. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, èéfín yọ lórí Ilé Ẹyẹlé, akéde sì bọ́ fìlà rẹ̀, ó kéde orúkọ onílé tuntun bí òfin ti wí.

Àwọn ènìyàn tú ká, olúkúlùkù bá tirẹ̀ lọ, kò sí ẹni tó kí ìyàwó. Òjò ìgbà ìrúwé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Gundel àti Wendel dúró sábẹ́ àjà òkè tó yọ síta, wọn kò mọ ibi tí wọ́n máa gbà. Òdòdó orí rẹ̀ ń tú bọ́ sílẹ̀, Wendel sì bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi bò ó léjìká.

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀.

"Òrùlé yìí ń jò," Walburga wí. "Wendel, wá wò ó." Ọkùnrin náà wọlé bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà. Ìyá náà kò tíì ti ilẹ̀kùn. Ó ń wo Gundel, ojú rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀.

"Ìwọ náà, wọlé. Òtútù ń mú." Ó dí ọ̀nà fún ìṣẹ́jú kan kó tó yà fún un. "Ṣùgbọ́n iná mi, má fọwọ́ kàn án láé."

"Mo gbọ́, Ìyá," Gundel wí. Ó wọlé, ó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tó jìnnà jù sí ààrò, níbi tí ooru kò dé.